Tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe páànẹ́lì sólà ní Nàìjíríà bá fẹ̀ sí i, èèyàn mélòó ló máa ríṣẹ́?

Páànẹ́lì sólà kì í ṣe nǹkan àrà mọ́ ní Nàìjíríà. Onígbàjámọ̀ ń lò ó ní Kano, télọ̀ ń lò ó ní Aba, ilé ìwòsàn kéékèèké sì ń lò ó ní àwọn abúlé tí wáyà iná ọba kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀èdè China ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn páànẹ́lì yìí ti ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àtàwọn oníléeṣẹ́ fi ń sọ pé ó yẹ kí Nàìjíríà máa ṣe tirẹ̀, kí iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilé.

Ìlérí náà dùn ún gbọ́: iléeṣẹ́ yóò fẹ̀ sí i, ẹ̀rọ tuntun yóò dé, iṣẹ́ yóò pọ̀ yanturu.

Àmọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ yóò fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mélòó? Irú iṣẹ́ wo? Ṣé yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rí i?

Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí kò sí lára bí iléeṣẹ́ náà ṣe tóbi tó nìkan. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, àti ẹni tí yóò máa rà á.

Kí ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń sáré lọ sídìí sólà?

Báńkì Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 èèyàn ni kò ní iná ọba ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀èdè mìíràn lágbàáyé tí iye àwọn tí kò ní iná pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní wáyà iná nílé pàápàá, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn gbójú lé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 ni nǹkan yí padà, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin.

Láàrin ọjọ́ díẹ̀, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní nǹkan tí kò tó 200 náírà fún lítà kan fò kọjá 500 náírà.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, NERC, tún fi owó kún iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn Band A. Owó iná wọn kúrò ní 68 náírà, ó di 225 náírà fún ìwọ̀n kílówáàtì wákàtí kan.

Bí epo ṣe gbówó lérí, tí iná ọba náà gbówó lérí, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, wọ́n ń wo oòrùn.

Ìwádìí tí àjọ Ember, tó máa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ iná lágbàáyé, gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé láàrin oṣù méjìlá tó parí ní oṣù Kẹfà ọdún náà, páànẹ́lì tó lè pèsè iná tó tó mẹ́gáwáàtì 15,032 ló ti China wọ ilẹ̀ Áfíríkà.

Mẹ́gáwáàtì 1,721 nínú rẹ̀ ló wọ Nàìjíríà. South Africa nìkan ló kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká sọ pé wáàtì 500 ni páànẹ́lì kọ̀ọ̀kan, páànẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti 400,000 nìyẹn láàrin ọdún kan ṣoṣo. Ọjà ńlá ni. Ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé kí a máa ṣe é nílé fi ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwọn iléeṣẹ́ wo ló ti wà nílẹ̀?

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò gbìyànjú rárá. Ó ti pẹ́ tí NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti dá iléeṣẹ́ tó ń to páànẹ́lì pọ̀ sílẹ̀ ní Karshi, nítòsí Abuja. Ní ọdún 2011 tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 7.5 ni agbára rẹ̀ lọ́dún.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, iléeṣẹ́ aládàáni kan, Auxano Solar, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 10 lọ́dún. Ní ọdún 2022, ó ṣí iléeṣẹ́ tuntun ní Ibeju-Lekki, tí agbára tirẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 100.

Ní Calabar, ní ìpínlẹ̀ Cross River, iléeṣẹ́ Salpha Energy ń to àwọn ohun èlò sólà kéékèèké pọ̀, irú èyí tí ìdílé kan lè fi tan gílóòbù, kí wọ́n sì fi gba iná sí fóònù.

Nàìjíríà nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní orílẹ̀èdè Burkina Faso, wọ́n ṣí iléeṣẹ́ Faso Energy sí olú ìlú wọn, Ouagadougou, ní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi iye wéra. Bí iléeṣẹ́ tó ní agbára mẹ́gáwáàtì 100 bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìdúró, ohun tó máa ṣe lọ́dún kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́gáwáàtì 1,721 tó wọlé láti China.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé ààyè ṣì wà láti fẹ̀ sí i dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń to páànẹ́lì pọ̀?

Láti mọ irú iṣẹ́ tó wà nínú iléeṣẹ́ náà, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an.

Páànẹ́lì dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n ki nǹkan sí láàárín. Gíláàsì ló wà lójú rẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì náà ni ike fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń yọ́ bí ooru bá kàn án. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn awẹ́ dúdú tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Ike mìíràn tún tẹ̀lé e, kí ó tó kan awẹ́ ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti fi òjé lẹ wáyà pẹlẹbẹ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kí wọ́n lè so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n á wá tò wọ́n sórí gíláàsì, wọ́n á fi ike bò ó, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi férémù alumíníọ̀mù yí etí rẹ̀ ká, wọ́n á lẹ àpótí wáyà kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ ńlá kan tó ń ṣe bí oòrùn, láti mọ̀ bóyá wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló ń mú jáde lóòótọ́.

Ẹ ó rí i pé títò pọ̀ ni iṣẹ́ yìí. Sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọkàn páànẹ́lì náà kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó di sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti kọ́kọ́ yọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́ọ̀nù láti inú òkúta tàbí iyanrìn funfun, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n ti sọ ọ́ di ìtì, wọ́n sì ti gé e pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí awẹ́ àkàrà. Ìdá tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ yìí lágbàáyé ló wà lọ́wọ́ China.

NASENI ti kéde ètò láti kọ́ iléeṣẹ́ tí yóò máa ṣe sẹ́ẹ̀lì sí Gora, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ṣùgbọ́n irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò owó ńlá, omi tó mọ́, àti iná tí kì í ṣẹ́jú.

Kí ló dé tí iṣẹ́ kì í fi pọ̀ bí iléeṣẹ́ ṣe ń fẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ìṣirò ṣe.

Bí iléeṣẹ́ bá kúrò ní mẹ́gáwáàtì 10, tó bọ́ sí 100, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Èèyàn lè rò pé bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 50 tẹ́lẹ̀, wọ́n á di 500. Kì í rí bẹ́ẹ̀.

Mẹ́gáwáàtì 10 lọ́dún jẹ́ páànẹ́lì 20,000, bó bá jẹ́ pé wáàtì 500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ fún 300 ọjọ́ lọ́dún, páànẹ́lì bíi 67 ni wọ́n ní láti ṣe lójúmọ́. Èèyàn lè fi ọwọ́ ṣe púpọ̀ nínú ìyẹn.

Mẹ́gáwáàtì 100 jẹ́ páànẹ́lì 200,000 lọ́dún, ìyẹn nǹkan bíi 667 lójúmọ́. Inú páànẹ́lì kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló máa ń wà. Ọwọ́ kò lè yá tó láti lẹ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì, nítorí ó fẹ́lẹ́ púpọ̀.

Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ fẹ̀ máa ń ra ẹ̀rọ tó lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì pọ̀ láàrin wákàtí kan. Ẹ̀rọ mìíràn ń tò wọ́n, òmíràn ń gbé gíláàsì, òmíràn ń yẹ̀ wọ́n wò.

Òṣìṣẹ́ yóò pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá. Irú èèyàn tí wọ́n ń wá náà yóò yí padà.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé lẹ wáyà nìkan kò tó mọ́. Wọ́n á máa wá ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ṣe bó bá dákẹ́ lóru, ẹni tó lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ, àti ẹni tó lè mọ páànẹ́lì tó sán nínú kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà.

Awakọ̀, ẹ̀ṣọ́, asèsè, àti àwọn tó ń ṣe ìmọ́tótó náà yóò ríṣẹ́. Iṣẹ́ tiwọn kì í sábàá pọ̀ sí i torí pé ẹ̀rọ pọ̀ sí i.

Níbo wá ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà?

Àjọ IRENA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná tí kì í tán lágbàáyé sọ pé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méje ló wà nídìí sólà káàkiri ayé ní ọdún 2023. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin nínú rẹ̀ tó wà ní China, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì, gíláàsì, férémù àti páànẹ́lì pọ̀.

Ní àwọn orílẹ̀èdè tí kò ní irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, tó ń gbé e gun òrùlé, tó ń so wáyà rẹ̀, tó sì ń tún un ṣe ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Nàìjíríà. Fún ilé kan ṣoṣo, ẹnìkan ní láti wo iye iná tí wọ́n ń lò, ẹlòmíràn á gun òrùlé, ẹlòmíràn á so bátìrì àti inverter, wẹ́dà á sì ṣe irin tí páànẹ́lì máa jókòó lé.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láti China. Ẹ̀rọ kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ èèyàn.

Ọ̀nà kejì tí iṣẹ́ lè gbà pọ̀ ni kí àwọn ohun tí iléeṣẹ́ páànẹ́lì ń lò máa jáde nílé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Iléeṣẹ́ tó bá ń kó gíláàsì, férémù, ike, wáyà àti sẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkèèrè, títò nìkan ló ṣẹ́kù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo alumíníọ̀mù. Àwọn iléeṣẹ́ wà ní Nàìjíríà tó ń fa alumíníọ̀mù fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí wọ́n bá ń ṣe férémù páànẹ́lì náà, àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn yóò jẹ nínú iṣẹ́ yìí.

Nàìjíríà tún ní iléeṣẹ́ ALSCON ní Ikot Abasi, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, tí wọ́n kọ́ láti máa yọ́ alumíníọ̀mù. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà láìṣiṣẹ́.

Gíláàsì náà ńkọ́? Iléeṣẹ́ tó wà ní Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, ìgò ló ń ṣe. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí páànẹ́lì ń lò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ṣé kí ìjọba fòfin de páànẹ́lì òkèèrè?

Ní ọdún 2025, Uche Nnaji, tó jẹ́ mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà náà, sọ pé ìjọba fẹ́ fòpin sí kíkó páànẹ́lì sólà wọlé, kí àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé lè rọ́wọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó faramọ́ ọn ní kò sí bí iléeṣẹ́ ilé ṣe lè bá China díje lórí iye owó, nítorí pé iye tí China ń ṣe pọ̀ débi pé owó páànẹ́lì ti wálẹ̀ gidigidi lágbàáyé. Wọ́n ní bí kò bá sí ààbò, iléeṣẹ́ ilé yóò kú kó tó dàgbà.

Àwọn tó takò ó ní iléeṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe iye tí ọjà ń fẹ́. Bí páànẹ́lì òkèèrè bá dáwọ́ dúró lónìí, owó tó wà nílẹ̀ yóò fò sókè lọ́la.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti wọlé. Bí owó páànẹ́lì bá lọ sókè, àwọn tó máa rà á yóò dín kù. Bí àwọn tó ń rà á bá dín kù, àwọn tó ń gbé e gun òrùlé yóò jókòó sílé. Onígbàjámọ̀ tó fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀ tì yóò padà sídìí epo, owó tí ì bá fi gba ọmọṣẹ́ yóò sì lọ sí ilé epo.

Ìjọba lè tipa báyìí gba iṣẹ́ fún àwọn ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú iléeṣẹ́, kí iṣẹ́ àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì bọ́ níta.

Kí ni àwọn orílẹ̀èdè mìíràn ṣe?

Orílẹ̀èdè India kò fòfin dè é pátápátá. Owó ẹnubodè ni wọ́n lò. Láti oṣù Kẹrin, ọdún 2022, wọ́n gbé e sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí páànẹ́lì tó ti parí, àti ìdá 25 lórí sẹ́ẹ̀lì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ló yẹ kí ẹ wò. Ẹni tó kó sẹ́ẹ̀lì wọlé láti wá tò ó pọ̀ ní India ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó kó páànẹ́lì tó ti parí wọlé. Iléeṣẹ́ tó ń to páànẹ́lì pọ̀ pọ̀ sí i gan-an níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń gbára lé China fún ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń lò.

South Africa náà fi owó ẹnubodè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé páànẹ́lì òkèèrè ní ọdún 2024. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bo iléeṣẹ́ abẹ́lé àti iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Nàìjíríà kò lè dá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wù ú, nítorí pé àwọn orílẹ̀èdè ECOWAS jọ ní ìlànà owó ẹnubodè kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ láti òfo, tó sì ga jù ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó máa ń ti iléeṣẹ́ pa lẹ́yìn ariwo ìṣílé

Kí a ṣí iléeṣẹ́ kò le tó kí a máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ. Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí kò tíì pẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, iléeṣẹ́ Mara Phones ṣí ibi tí wọn yóò ti máa ṣe fóònù sí Kigali ní Rwanda, àti sí Durban ní South Africa. Ààrẹ Cyril Ramaphosa fúnra rẹ̀ ló ṣí ti Durban. Ní ọdún 2022, ti Durban ti kógbá wọlé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ inú rẹ̀ síta fún gbàǹjo.

Fún iléeṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ló sábàá máa ń fa wàhálà.

Àkọ́kọ́ ni dọ́là. Sẹ́ẹ̀lì, ike àti ẹ̀rọ, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Ní ọdún 2024, ó kọjá 1,500 náírà. Oníléeṣẹ́ tó yá owó dọ́là ra ẹ̀rọ, tó sì ń ta ọjà ní náírà, yóò mọ bí ó ṣe ń dun ni tó.

Èkejì ni iná. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ páànẹ́lì kò gbọ́dọ̀ kú lójijì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun tó ń mú iná wá náà ní láti wá iná tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjà. Iléeṣẹ́ kò lè san owó oṣù pẹ̀lú ìlérí. Ó nílò ẹni tí yóò máa ra páànẹ́lì lóṣooṣù.

Ìjọba lè jẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n pè ní Nigeria First, tó ní kí àwọn ẹ̀ka ìjọba máa kọ́kọ́ ra ohun tí wọ́n ṣe nílé.

Bákan náà, ìjọba ya 100 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná 2025 láti fi sólà sí àwọn ilé ìjọba. Báńkì Àgbáyé náà fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, fún ètò DARES, tí wọ́n ní yóò mú iná dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17.5 ọmọ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n rírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ṣáájú ìdìbò 2011, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé, Zinox, wà lára àwọn tó pèsè ẹ̀rọ tí àjọ INEC fi forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́, ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lóṣooṣù.

Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni iṣẹ́?

Nígbà tí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ bá kéde iye iṣẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn.

Àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, ti yí ọ̀nà tó ń gbà ka àìríṣẹ́ṣe padà ní 2023. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàrin ọ̀sẹ̀ kan láti rí owó, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́. Pẹ̀lú ìlànà yìí, àìríṣẹ́ṣe tó jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2020 di ìdá 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023.

NBS kan náà sọ pé ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ní ìwé àti owó oṣù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Iye iṣẹ́ tí wọ́n ń kéde náà lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Àwọn kan ni òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ gan-an. Àwọn kan ni àwọn tó kọ́ ilé náà, tí iṣẹ́ wọn parí lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún tán. Àwọn kan sì ni àwọn tí wọ́n lérò pé yóò jàǹfààní níta, bí onímọ́tò àti olóúnjẹ.

Bí wọ́n bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, iye náà yóò tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé wá iṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ náà, ti àkọ́kọ́ ló kàn án.

Kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tó bá rí iṣẹ́ náà?

Òfin òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé láàrin oṣù mẹ́ta tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó ṣàlàyé àdéhùn wọn.

Láti oṣù Keje, ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 náírà. Òfin náà kò de iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sì sọ pé níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà sì san ìdá mẹ́jọ.

Ẹni tí wọ́n bá gbà nípasẹ̀ agbaṣẹ́ṣe, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí yóò máa san àwọn owó yìí kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n

Bí ẹ bá tún gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan fẹ́ fẹ̀, tí yóò sì pèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè ràn yín lọ́wọ́:

• Mélòó nínú iṣẹ́ náà ló wà nínú iléeṣẹ́ gan-an, mélòó ló sì wà fún ìgbà ìkọ́lé nìkan?

• Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí sì ni wọ́n ń kó wọlé láti wá tò pọ̀?

• Ta ló ti fọwọ́ sí i pé òun yóò rà á, fún ọdún mélòó?

• Níbo ni iná wọn yóò ti máa wá?

• Níbo ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà kí iléeṣẹ́ tó ṣí?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí kò yẹ kí ẹ dúró de iléeṣẹ́ kankan. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ iná, NAPTIN, àti àjọ ITF tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so sólà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, yóò rí iṣẹ́ ṣe yálà Karshi ni páànẹ́lì náà ti wá tàbí China. Bí iléeṣẹ́ tó wà nílé bá sì wá fẹ̀ lóòótọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ máa wá.